Okùn Ẹṣin Lọ́wọ́ Ọmọdé

Àwọn àgbà wa ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. N kò lè ka iye ìgbà tí mo ti pa òwe yìí, ní ìdí ìyàwó, níbi tí a ti ń parí ìjà, àti nínú àwọn ìwé tí mo ń kọ kí àṣà wa má baà parun. Mo mọ̀ pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Mo mọ̀ pé ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Mo mọ̀ pé bí ẹṣin bá dáni, a tún un gùn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré, bi mí létí omi Ọ̀tín ní Èkó-Èǹdé pé, "Bàbá àgbà, ìgbà mélòó ni ẹṣin ń jẹun lóòjọ́?" ńṣe ni mo wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ ìyá baba rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹṣin, ẹnu ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àròkọ yìí kò ju ọ̀kan lọ, bí ó tilẹ̀ ní ẹ̀ka. Bí a bá ń kọ́ ọmọ nípa ẹranko tí a fi ń ṣe iyì, kí ni ó yẹ kí ọmọ náà kọ́kọ́ mọ̀, gígùn ún ni tàbí títọ́jú rẹ̀? Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni èyí, kí ó ṣe sùúrù pẹ̀lú mi.

Ìbàdàn ni ọmọ náà ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àwọn ènìyàn ń pín àwòrán Ojúde Ọba ti Ìjẹ̀bú-Òde kiri lórí fóònù, ẹṣin gba ọmọ yìí lọ́kàn pátápátá. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ nígbà náà ni aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti sìgá ọ̀gbẹ́ni Farooq Oreagba. Ọmọ yìí kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀gbẹ́ni náà. Ẹṣin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó ń sọ. Nígbà tí ó wá lo ìsinmi ọdún Kérésì lọ́dọ̀ mi ní Èkó-Èǹdé, ó dúró níwájú fọ́tò kan tí ó wà lára ògiri pálọ̀ mi. Èmi ni mo wà nínú fọ́tò náà, mo gun ẹṣin, wọ́n ta agboorun lé mi lórí, àwọn onílù sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ọjọ́ tí mo jẹ oyè ni, ní ọdún 1997. Ọmọ náà wò ó títí, ó sì yíjú sí mi: "Bàbá àgbà, ẹ kọ́ mi ní ẹṣin gígùn." Inú mi dùn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn?

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn darandaran a máa ṣe àtìpó ní àyíká omi Ọ̀tín tí ìjọba sé ní ìlú wa, omi tí a ń fà lọ sí Ìkìrun àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀. Koríko kì í gbẹ tán níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà láàrin wọn tí ó ní ẹṣin méjì, tí àwọn olóyè àti àwọn tí ń ṣe ìyàwó láti Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù máa ń háyà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo mú ọmọ náà lọ. Mo ti mú owó dání. Èrò mi ni pé n ó sanwó, wọn ó gbé ọmọ náà gun ẹṣin, yóò yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹta, a ó ya fọ́tò, a ó sì lọ sílé lọ jẹ iyán.

Ọkùnrin náà wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì bi í léèrè pé, "Kí ni orúkọ ẹṣin yìí?" Ọmọ náà ní òun kò mọ̀. "Èmi ńkọ́? Kí ni orúkọ mi?" Ọmọ náà wo ojú mi. Èmi náà kò mọ̀. Mọ́là ni gbogbo wa ń pè é, bí ẹni pé gbogbo ẹni tí ó bá ti òkè ọya wá, orúkọ kan ṣoṣo ni ìyá wọn sọ wọ́n. Ó sọ orúkọ ara rẹ̀ fún wa, ó sọ ti ẹṣin. N kò ní kọ wọ́n síhìn-ín, nítorí n kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó yín sápò. Kí ọmọ yìí padà wá lọ́la ní kùtùkùtù, kí ó mú dòjé wá."

Ọjọ́ márùn-ún ni ọmọ náà fi ṣiṣẹ́ láìgun ẹṣin. Èmi a jókòó sábẹ́ igi, n ó máa wò wọ́n. Ohun àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà kọ́ ọ ni bí a ṣe ń rìn tọ ẹṣin lọ. A kì í gba ẹ̀yìn yọ sí i, a kì í sì í sáré kò ó lójú. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà. Ó ń rí ọ̀tún, ó ń rí òsì, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ohun tí ó wà lábẹ́ imú rẹ̀. Ẹranko tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni àwọn baba ńlá rẹ̀. Sísá ni ó fi ń gba ara rẹ̀ là, bí kò bá sì ríbi sá sí, a fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fèsì. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ èjìká ni a ń gbà lọ bá a, a ó sì máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí a ti ń bọ̀, kí ó lè mọ̀ pé ènìyàn ni, pé ẹni tí òun mọ̀ ni.

Ohun kejì ni oúnjẹ. Ẹṣin tóbi, ṣùgbọ́n àpòlúkù rẹ̀ kéré sí títóbi rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹun, láti òwúrọ̀ títí di òru pàápàá. Èsì ìbéèrè tí mo kùnà nìyẹn: kò ní iye ìgbà. Ẹni tí ó bá dá oúnjẹ ọjọ́ méjì fún un lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé ó fẹ́ rìnrìn-àjò, ó lè bá òkú rẹ̀ nígbà tí ó bá dé. Ìdí ni pé ẹṣin kò lè bì. Ohun tí ó bá gbé mì ti gbé e mì nìyẹn, ìbáà jẹ́ ọkà bàbà tí ó ti bu. Bí inú bá ń run ún, yóò máa wo ìhà ara rẹ̀, yóò máa fi ẹsẹ̀ walẹ̀, yóò dùbúlẹ̀, yóò dìde, yóò tún dùbúlẹ̀. Ọmọ náà gé eruwà títí ọwọ́ rẹ̀ fi lé ròrò. Ó gbé ewé ẹ̀pà gbígbẹ, ó pọn omi. Kéègì onílítà 25 kan kò tó ẹṣin kan lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn; nígbà mìíràn a mu méjì. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ náà sùn sórí àga kí oúnjẹ tó jinná.

Ohun kẹta, pátákò. Bí èékánná wa ni pátákò ẹṣin ṣe ń hù, a gbọ́dọ̀ máa gé e, a sì gbọ́dọ̀ máa yọ òkúta inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìkẹrin ni ẹ̀yìn. Kí a tó di ẹṣin ní gàárì, a ó fọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní bọ́rọ́ọ̀ṣì, a ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti ọrùn dé ìdí, nítorí pé yanrìn bíńtín tí ó bá wà lábẹ́ gàárì, bí ènìyàn bá jókòó lé e lórí fún wákàtí kan, egbò ni. Ọkùnrin náà ní kí ọmọ náà di ojú rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ nìkan wá yanrìn.

Ohun tí ọmọ náà fẹ́ràn jù nínú ẹ̀kọ́ náà ni etí. Bí etí ẹṣin bá kọ iwájú, nǹkan kan ni ó ń wò tí ó sì fẹ́ mọ̀. Bí ọ̀kan bá kọ iwájú tí ìkejì yí sẹ́yìn, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń sinmi. Ṣùgbọ́n bí etí méjèèjì bá lẹ̀ mọ́ ọrùn pẹ́típẹ́tí, inú ń bí i, tàbí nǹkan ń dùn ún, kí ènìyàn yáa wá ibi gbà. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ náà ti ń túmọ̀ ẹṣin fún mi bí ògbufọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ sínú ìtàn, nítorí abẹ́ igi yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Àwa Yorùbá ni a ni ẹṣin lẹ́nu tó báyìí. Báwo ni ó ṣe jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó di okùn rẹ̀ mú? Àwọn kan yóò ní igbó ni ó fà á. Òótọ́ wà níbẹ̀. Eṣinṣin kan wà tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹranko, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní tsetse, tí ó fẹ́ràn inú igbó àti etí odò. Àìsàn tí ó ń kó ran ẹṣin kì í jẹ́ kí ó pẹ́ láyé níhà gúúsù. Láti òkè ọya ni Ọ̀yọ́-Ilé ti ń ra ẹṣin. Pápá ni ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹṣin sì lè rìn níbẹ̀, débi pé ní 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ṣígun dé ilẹ̀ Dahomey. Ṣùgbọ́n owó wo ni Ọ̀yọ́ fi ń ra ẹṣin? Ọ̀mọ̀wé Robin Law, tí ó kọ ìwé lórí ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ ní 1977 àti lórí ẹṣin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1980, là á yé wa pé òwò ẹrú wà nídìí rẹ̀. A ń ta ènìyàn sí etí òkun, a ń fi èrè rẹ̀ ra ẹṣin ní òkè, a sì ń fi ẹṣin náà mú ènìyàn mìíràn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa kọrin ògo ẹṣin láìrántí èyí.

Ta ni ó ń tọ́jú wọn? Nínú àwọn ẹrú Hausa tí ó wà ní Ọ̀yọ́ ni a ti rí àwọn tí ń bọ́ ẹṣin tí ń fún un lómi. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, ka irú iṣẹ́ tí àwọn ẹrú Hausa ń ṣe: wọ́n ń fárí, wọ́n ń lọ́ okùn, wọ́n ń da màlúù. Nígbà tí Àfọ̀njá pè wọ́n sí Ìlọrin ní nǹkan bí 1817 pé kí wọ́n wá gba òmìnira, wọ́n lọ. Ọwọ́ tí ń bọ́ ẹṣin bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú tí ó kù mọ bí a ṣe ń jókòó lórí gàárì, wọn kò mọ ohun tí a ń ṣe nígbà tí ẹṣin bá ń wo ìhà ara rẹ̀. Kí 1840 tó dé, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro. N kò sọ pé ẹṣin nìkan ni ó fọ́ ọ. Ọ̀tẹ̀ àti ìwọra pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí a bá kó lé ẹni tí a kò kà sí ènìyàn lọ́wọ́, a kò lè pè é ní ìmọ̀ tiwa.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa tí ó ṣáájú kò ka okùn ẹṣin sí ohun ẹ̀tẹ́. Oyè wà láàfin Ọ̀yọ́ tí a ń pè ní Olókùn-ẹṣin. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: kì í ṣe ẹni tí ó gun ẹṣin ni ó ń sọ, ẹni tí okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Oyè náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jẹ ẹ́ fi ní láti bá ọba kú. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹnikẹ́ni kú mọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí ibi tí iyì wà nígbà kan rí.

Odò Ọ̀tín tí a jókòó tì yìí náà mọ ẹṣin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ní ẹ̀bá Ìkìrun, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn. Jálumi ni a ń pe ogun náà, nítorí pé àwọn tí ń sá já lu omi. Àwọn àgbà ṣì ń ka orúkọ àwọn balógun ogun náà dòní. Mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ náà. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì béèrè bóyá àwọn ẹṣin mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin ni ohun tí ó mú mi kọ àròkọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà tún dúró níwájú fọ́tò ara ògiri. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé agbádá mi ni ó ń wò. Ó ní, "Bàbá àgbà, etí ẹṣin yín lẹ̀ mọ́ ọrùn."

Mo wò ó. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni fọ́tò náà ti wà lára ògiri mi, n kò rí etí náà rí.

"Ṣé inú ń bí i ni, àbí nǹkan ń dùn ún?"

Nǹkan ń dùn ún. Mo mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹni tí ó mú ẹṣin wá ṣí aṣọ abẹ́ gàárì sókè fún mi. Egbò wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, eṣinṣin sì ń bà lé e. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí a fa ẹṣin náà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí n fi ẹsẹ̀ rìn. Ó ní àwọn ènìyàn yóò rí ẹṣin, iyì kò ní dín. Mo ro ohun tí àwọn ọ̀tá mi yóò sọ: wọ́n ní ó háyà ẹṣin, kò lè gùn ún. Mo ní kí ó di aṣọ sí i nípọn, kí ó dì í ní gàárì. Owó mi sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ná nínú rẹ̀, kò lè kọ̀. Fún nǹkan bí wákàtí méjì ni mo fi wà lórí ẹṣin náà tí ìlù ń dún.

Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní ní ilẹ̀ tí ènìyàn kò tíì jẹun yó, ẹṣin ni mò ń sunkún fún. Ó ní ẹranko ni, ohun èlò ni Ọlọ́run dá a fún wa, egbò sì ti jinná láti ọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, mo sì gbé e yẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ òru. Èmi náà gbà pé ènìyàn ṣáájú ẹṣin. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, kì í ṣe ebi ènìyàn kankan ni mo fi egbò ẹṣin náà bọ́. Bí ó bá jẹ́ pé aláìsàn ni mo fẹ́ fi gbé lọ sí ọsibítù ni, n kò ní ẹjọ́. Fọ́tò ni mo fẹ́ yà. Ẹranko tí a fún ní ìjánu kò lè sọ pé òun kò lọ. Ẹni tí ó mú un wá kò lè sọ pé òun kò gbà. Èmi nìkan ni mo lè sọ "rárá" láàrin àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò sì sọ ọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀bi wà.

Ọ̀rẹ́ mi tún ní, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ náà, kí ni ìwúlò rẹ̀ láti kọ́ ọmọ Ìbàdàn ní ìtọ́jú ẹṣin? Ibo ni yóò ti rí ẹṣin? Ní Kánò, ọmọdé ń bá ẹṣin dàgbà, ìdí nìyẹn tí UNESCO fi lè kọ ọdún ẹlẹ́ṣin wọn sínú ìwé ogún ayé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Tiwa, fóònù ni ọmọ ti rí i. Ìyẹn náà kò burú. N kò retí pé kí ọmọ yìí di olùtọ́jú ẹṣin. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọmọ mẹ́fà, mo sì fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò rí ìwé kan tí ó kọ́ ọmọ láàrin ọjọ́ mẹ́rin láti rí ohun tí èmi kò rí nínú fọ́tò ara mi.

Kí ni mo sọ fún un? A tọ́ àwa dàgbà pé àgbà kì í tú aṣọ ara rẹ̀ níwájú ọmọdé. Irọ́ mẹ́ta ni ó wá sí mi lẹ́nu, èyí tí ó dára jù nínú wọn ni pé ariwo ìlù ni ẹṣin náà kò fẹ́. Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó dákẹ́. Kò sunkún, kò sì bá mi wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n bá fẹ́ kí ó bá mi wí. Ó béèrè bóyá egbò náà jinná. Mo ní n kò mọ̀, nítorí pé n kò béèrè. Ó ní, "Kí ni orúkọ rẹ̀?" Mo ní n kò mọ ìyẹn náà. Ó lọ sùn.

Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri. Ìyàwó mi ní kí n yọ ọ́; mo ní kí ó wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, ọkùnrin náà ní ó tó àkókò. Ọmọ náà fọ ẹ̀yìn ẹṣin, ó di ojú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti ọrùn dé ìdí, lẹ́yìn náà ni ó tó jẹ́ kí a gbé gàárì lé e. Wọ́n gbé e gùn ún. Ẹ̀rù bà á, ó di gọ̀gọ̀ ẹṣin mú. Ẹṣin náà yí etí kan sẹ́yìn sí i. Mo fẹ́ yọ fóònù láti ya fọ́tò, ọkùnrin náà sì na okùn sí mi. "Bàbá, ẹ bá wa di í mú. Ẹ máa lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ gba ẹ̀bá omi."

Mo gbà á. Orúnkún ń dùn mí, ilẹ̀ sì rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n a lọ títí dé ìdí igi ọ̀mọ́ kan, a sì padà.